Ewé Méjìlélógún Tí Bàbá Gé Kúrò

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì

Ajíkàwé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ló ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, nítorí náà má fòyà.

Ẹrù ìwé tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Mẹ́rin ni mo bá nínú rẹ̀, mo sì ti ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. O ní kí n sọ bí mo ṣe rí wọn sí. N ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n má bínú sí mi o.

Èyí tó ní èèpo aláwọ̀ ewé ni mo kọ́kọ́ mú. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti ojú ìwé kìíní dé ojú ìwé igba, òjò ń rọ̀ níta, ó ń ronú. Kò dìde. Kò jẹun. Mo ní bóyá tó bá di orí kẹwàá á ṣánwọ́ dìde, kò dìde. Nígbà tí mo fi parí rẹ̀, ẹ̀yìn èmi tí mò ń kà á ló ń ro mí. Ìwé kejì ní tirẹ̀, gbogbo ará ilé ibẹ̀ ló ń bá ara wọn sùn, àfi ajá nìkan. Mo yọ ibi tí kò ṣeé rí kúrò nínú ìyẹn, ohun tó ṣẹ́kù kò nípọn ju ìwé pélébé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní lẹ́tà lọ.

Ìkẹta ló kó mi nírìíra jù. Ọmọ kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló tú síhòòhò. Bí bàbá ṣe ń tọ̀ sílé nígbà àìsàn, ó kọ ọ́. Bí bàbá ṣe ń sunkún pe ìyá tirẹ̀ tó ti kú, ó kọ ọ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Eléyìí fi ẹsẹ̀ júwe tirẹ̀. Mo fọ ọwọ́ mi nígbà tí mo gbé ìwé náà sílẹ̀.

Ìkẹrin nìkan ni mo gbádùn, ìtàn gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan àga fún adájọ́, tí wọ́n wá gbé òun náà wá síwájú àga yẹn lọ́jọ́ kan. Ẹni tó kọ ọ́ mọ bí pákó ṣe ń rí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì fi ọ̀bẹ kàn án.

O mọ bí mo ṣe ń ṣe wọ́n. N ó tú òwú ẹ̀yìn ìwé, n ó yọ ewé tí kò yẹ ojú ọmọlúàbí, n ó tún un rán, n ó fi gọ́ọ̀mù sí i, n ó fi sábẹ́ irin di ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò bá wo nọ́ńbà ojú ìwé kò ní fura. Ìyá rẹ ni n ó kọ́kọ́ gbé e fún. Bí òun náà bá kà á tán, ó di ti onígbàjámọ̀ ìkángun òpópó wa, kí àwọn tó ń dúró kó gẹrun wọn lè rí nǹkan kà. Ogójì ọdún ni mo fi di ìwé nílé ìtẹ̀wé ìjọba, kò sí ìwé tó gba ọwọ́ mi kọjá tó jáde ní wúruwùru.

Ó ku ohun kan. Ọkọ rẹ kì í kọ gbólóhùn tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ mọ́. Tẹ́lẹ̀, kò sí lẹ́tà tí kì í kọ "Àna yín ń kí yín o" sí. Kí ló dé? Bí ẹ bá jọ ní gbólóhùn asọ̀, ìwọ ni kí o bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tó ń rántí kí àna rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lóde òní.

Èmi bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi, mo sì kí orúnkún wọn. Ẹ kú ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ yín lórí ọkùnrin ojú fèrèsé yẹn pa mí lẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá wa dìde wá wò mí.

Iṣẹ́ wa ò tíì yí padà. Láàárọ̀, ọkọ̀ á dé, wọn á da àpò ìwé sílẹ̀ fún wa lórí sìmẹ́ńtì. Ìwé àwọn tó kú ni, àti ti àwọn tó ń kó kúrò nílé tí wọn ò fẹ́ rù ú. Màá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá gbọ̀n wọ́n, màá gbóòórùn wọn. Èyí tó bá mọ́ á lọ sórí àtẹ, èyí tó bá ń rùn á lọ sínú ẹ̀rọ tó ń lọ ìwé kúnná. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ìwé ń rí lára o, Bàbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá èékánná ẹsẹ̀ nínú ìwé ìfẹ́ kan. Ẹni tó ni ín ló fi sàmì síbi tó kà dé. Ó gùn, ó sì ti pọ́n. Mo ju ìwé ìfẹ́ náà sínú ẹ̀rọ láì mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ra wọn níkẹyìn.

Mo ti kó kúrò níbi tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀. Yàrá kan ni mo gbà lókè ilé aránṣọ kan, ó súnmọ́ ibi iṣẹ́. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú bébà kékeré tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kó mọ láàárín ẹ̀yin àti ìyá mi.

Ìwé kan ṣoṣo ni mo fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ nílé ìwòsàn ló kọ ọ́ nípa ara rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á, mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ kà á láti èèpo dé èèpo, kí ìyá mi náà kà á. Mo bẹ̀ yín, Bàbá, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ bi mí.

Ẹ ní ọkọ mi ò kọ gbólóhùn rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni, kò kọ ọ́.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹrin

Ajíkàwé,

Mo kí ọ. Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀.

Mo ti ka ìwé alágbàfọ̀ rẹ. N ó sọ òótọ́ fún ọ: láti ọjọ́ tí mo ti ń di ìwé, n kò rí ẹ̀gbin tó báyìí rí. O ní o kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí lo rí jẹ níbẹ̀? Obìnrin yìí jókòó, ó ń ka bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń nà án fún gbogbo ayé bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ilé ìwé. Àwọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ní bó bá dì, ó sọ. Eyín rẹ̀ mẹ́ta tó bọ́ sínú báàsíà tó ń fọ abọ́, ó sọ bí wọ́n ṣe dún. Ta ló bi í? Ó di dandan kí n gbé e sílẹ̀ kí n jáde lọ gba atẹ́gùn. Nígbà tí kò tíì tó o, ó tún wá fa bàbá rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ó ní òun sá wá sílé, bàbá òun ló sì fa òun lọ́wọ́ padà sọ́dọ̀ ọkọ. Kí ló fẹ́ kí bàbá ṣe? Kó bá a kọ́ ilé mìíràn ni?

O ní kí n má fi ọ̀bẹ kàn án. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè gbé irú nǹkan yẹn fún ìyá rẹ. Láti ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta dé ìkẹrìnlélọ́gọ́rùn-ún ni mo yọ, ewé méjìlélógún. Mo rán an dáadáa. Ìyá rẹ kà á, ó gbádùn rẹ̀. Ó ní obìnrin náà ní sùúrù, pé ọkọ rẹ̀ náà jọ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, ó ní ìgbà wo ni eyín obìnrin yẹn bọ́ tó fi wá ń lo eyín àtọwọ́dá. Mo ní kó ṣáà máa kà á lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì. Ọkọ rẹ kọ̀wé sí mi fúnra rẹ̀, ojú ìwé méjì, tónítóní, kò sí ibi tó pa rẹ́. Ó ní aáwọ̀ kékeré kan wáyé láàárín yín, pé o gba yàrá sítòsí iṣẹ́, pé àdírẹ́sì tí o fún òun ló sọnù. Ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́, kí òun lè gbé ẹ̀wù òtútù rẹ wá fún ọ. Èyí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gba ẹ̀kọ́. Ìwọ wá ní kí n má fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ọkọ ẹni náà ni ẹnikẹ́ni? Mo fẹ́ fún un, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ. Tètè fèsì.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ Kejì, Oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Oṣù kan gbáko, n kò gbúròó rẹ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, kí bàbá máa bi ọmọ ní ìbéèrè kí ọmọ dákẹ́?

Ọkọ rẹ tún ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. Nínú èyí tó kẹ́yìn ó ní òun kì í sùn mọ́, pé òun kàn ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì di àárọ̀ ni. Ojú tì mí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láàárọ̀ yìí ni mo fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí i, mo sì kọ lẹ́tà lé e pé kó wá bá ọ, kí ẹ jọ jókòó sọ ọ́. Bó bá dé, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Onígbàjámọ̀ yá mi ní ìwé ìtàn ológun kan. Gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló kú, kódà ẹṣin. N kò káàánú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi ẹṣin náà. Wá ìwé tó mọ́ fi ránṣẹ́ sí wa.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú àmúmọ́ra. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí lẹ́tà yín ti oṣù tó kọjá ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ èsì rẹ̀ tí mo fà á ya. Ẹ ní ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Mo dúpẹ́ pé ẹ dúró.

Ewé méjìlélógún tí ẹ yọ, àwọn ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ìyókù ìwé yẹn ò kàn mí. Mi ò mọ bí ọmọ ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún bàbá rẹ̀, ni mo bá wá ẹni tó ti sọ ọ́, kó bá mi sọ ọ́. Mi ò rò ó pé ẹ ó gé ẹnu òun náà.

Ọkọ mi ń nà mí. Ó ti pé ọdún mẹ́rin. Etí mi òsì ò gbọ́ràn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ máa ń lọ dúró lápá ọ̀tún ni. Gbólóhùn ìsàlẹ̀ lẹ́tà tí ẹ fẹ́ràn yẹn, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń débẹ̀. Bí mo bá kọ lẹ́tà tán, màá gbé e fún un. Á kà á. Bó bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí n jókòó kọ òmíràn. Ìgbà kan wà tí mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, nítorí mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó rẹ̀ mí. Bó bá ti wá dára lójú rẹ̀, á kọ "Àna yín ń kí yín o", á lẹ àpòòwé náà pa fúnra rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ ti ń rí gbà láti ọdún mẹ́rin, òun ló kọ́kọ́ gé e kí ẹ̀yin tó kà á.

Ẹ ní obìnrin yẹn kó yín nírìíra. Ẹ dárí jì mí, Bàbá, lẹ́tà yín náà kó èmi nírìíra. Ẹ ka bí ọkùnrin ṣe lu eyín mẹ́ta jáde lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ẹ wá bínú sí ni ẹni tí eyín rẹ̀ bọ́. Ẹ bèèrè pé kí ló fẹ́ kí bàbá ṣe. Kó ṣílẹ̀kùn fún un ni, kó sì tì í mọ́ ọkùnrin yẹn síta. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò pọ̀: ẹ má fún un ní àdírẹ́sì mi. Ó ti sọ fún mi pé ibi tí òun bá ti rí mi, mi ò ní fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde níbẹ̀. Kì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ẹ̀yin àti ìyá mi nìkan lẹ mọ ibi tí mo wà láyé yìí.

Ọmọ yín.

*

WÁYÀ LÁTI ILÉ ÌFÌWÉRÁNṢẸ́
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Karùn-ún

KÚRÒ NÍ YÀRÁ YẸN LÓNÌÍ. MO TI FÚN UN KÍ LẸ́TÀ RẸ TÓ DÉ. MÁ DÚRÓ KÓ ẸRÙ. BÀBÁ.

*

Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí, ìka méjì ló kán lọ́wọ́ ọ̀tún mi, òsì ni mo fi ń kọ ọ́.

Wáyà yín dé. Ọjọ́ karùn-ún tí ọkọ mi ti wá tó sì ti lọ ló dé. Ọjọ́ Àìkú ló wá, mo lọ ra búrẹ́dì. Aránṣọ tó nilé ló ṣílẹ̀kùn fún un. Kì í ṣe aláìgbọ́n obìnrin, mo ti kìlọ̀ fún un pé ọkùnrin kankan ò gbọ́dọ̀ wọlé wá mi. Ṣùgbọ́n ó fi lẹ́tà hàn án, ó ní bàbá ìyàwó òun ló kọ ọ́, pé òun ló rán òun. Ìkọ̀wé yín dára, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní gbà pé ọwọ́ èèyàn gidi ló ti wá.

Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ̀wù òtútù mi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò kí mi. Lẹ́tà yín ló ń kà sókè, bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọdé. "Ọmọ mi ni, mo fi lé ọ lọ́wọ́, mú un lọ sílé." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ṣé mo gbọ́, àbí kí òun wá kà á sí etí ọ̀tún. Mo sáré síbi ilẹ̀kùn, ó tì í mọ́ mi lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ìka ti kán. Igbe tí mo ké ni aránṣọ gbọ́. Ó gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tó gbóná lọ́wọ́, ó nà án síwájú ojú rẹ̀, ó ní òun ti fi í lọ kanfáàsì rí, awọ ojú èèyàn ò lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà fi sọ̀ kalẹ̀. Ó mú lẹ́tà yín lọ.

Obìnrin yẹn bẹ̀ mí títí, ó ń sunkún pé òun ló ṣílẹ̀kùn. Mo ní òun kọ́.

Mo ti fi iṣẹ́ ìwé sílẹ̀, mo sì ti fi ìlú yẹn sílẹ̀. Mi ò kó nǹkan kan ju àpò kan lọ. Ọ̀gá mi àtijọ́ nìkan ló mọ ibi tí mo wà. Bí ẹ bá kọ̀wé sí i, á bá mi fi ránṣẹ́. Mi ò ní fi àdírẹ́sì mi sínú lẹ́tà yìí, Bàbá. Mo rò ó títí, mi ò lè ṣe é. Ẹ bá mi kí ìyá mi.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọwọ́ rẹ. Ṣé wọ́n dì í dáadáa? Ṣé ìka náà ń ká?

Ìyá rẹ ti ka gbogbo lẹ́tà rẹ, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá jẹ mọ́ omi àti ilẹ̀kùn nìkan ló ń bá mi sọ. Ó ti kó lọ sí yàrá kejì. N kò bẹ̀ ẹ́, nítorí n kò mọ ohun tí n ó fi bẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin yẹn tún kọ̀wé. Tónítóní náà ni. Ó ní obìnrin aṣẹ́wó kan ló fẹ́ fi iná jó òun. N kò ka ju ìlà mẹ́ta lọ tí mo fi dìde, mo lọ bì sẹ́yìn ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ìwé ń rí mi lára, n kò bì nítorí ìwé rí.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ tí ẹ wá dágbére fún wa kí ẹ tó rìnrìn àjò, ojú rẹ ọ̀tún wú. O ní ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló gbá ọ. Mo dì ọ́ mú lágbọ̀n, mo gbé ojú rẹ síbi ìmọ́lẹ̀, mo sì wò ó. Ojú mi kì í tàsé lára bébà, kò tàsé lára tìrẹ náà. Òrùka ọwọ́ ọkùnrin ló sàmì síbẹ̀, ó yí roboto. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Mo ní kí o lọ fi omi tútù sí i. Mo wá bọ ọkọ rẹ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó máa tọ́jú rẹ. Nígbà tí mo ka ti bàbá obìnrin alágbàfọ̀ yẹn, ara mi ni mo rí, ni mo bá mú ọ̀bẹ. Mo kórìíra bàbá yẹn. N kò tíì rí ẹni tó rí mi lára tó bẹ́ẹ̀.

N kò ní kí o dárí jì mí nínú lẹ́tà yìí. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún yàtọ̀. Má ṣe fún mi ní àdírẹ́sì rẹ. Fún ìyá rẹ, kó fi pamọ́, kó má jẹ́ kí n rí i. Bí o bá gbọ́ pé ara mi ò yá, bí mo bá tilẹ̀ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, má dá mi lóhùn. Ọkùnrin yẹn á wá síbí lọ́jọ́ kan. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà mi, á sunkún, á pè mí ní bàbá. Mo mọ ara mi, ọmọ mi. Àánú rẹ̀ á ṣe mí. Jẹ́ kó bá mi nígbà tí n kò mọ ibi tí o wà.

Bàbá rẹ.